Ta Ni Yóò Wo Ilé Kí Wọ́n Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ?

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé ìwé là á wò, wọn kò sì ní kí á rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó kó wá ròyìn. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá pé, àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé ni wọ́n máa ń pera jọ. Wọ́n mọ̀ bóyá bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, tí ọmọ yóò fi jẹ́ Babátúndé. Wọ́n mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà ni ìyá ti bímọ, tí wọn yóò fi pè é ní Abíọ́nà. Ilé onílù ní Àyàn, ilé ọlọ́dẹ ní Ọdẹ, ilé awo ní Ifá. Àlejò tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà lè mú orúkọ tó dùn létí wá, ó sì lè fowó sínú àwo omi bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò sọ èyí tí ọmọ yóò jẹ́ dọ́jọ́ alẹ́.

Òwe yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Surrey, àgbègbè tó bá London pààlà ní ìhà gúúsù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ ti wà ní ìpele méjì: káńsù àgbà ń bójú tó títì àti ilé ẹ̀kọ́, káńsù kéékèèké 11 sì ń kó pàǹtí, àwọn náà ló sì ń pinnu ẹni tó lè kọ́lé, ibi tó lè kọ́ ọ sí àti bó ṣe lè ga tó. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba kéde pé gbogbo wọn yóò kógbá wọlé, tí méjì péré yóò sì rọ́pò wọn láti oṣù kẹrin 2027: East Surrey àti West Surrey. Bíi mílíọ̀nù kan àti 200,000 èèyàn ló ń gbé Surrey. Ìgbìmọ̀ ètò ìkọ́lé tó wà ní káńsù kọ̀ọ̀kan yóò bá káńsù rẹ̀ lọ. Àwọn wo ni yóò wá máa jókòó dípò wọn, níbo ni wọn yóò sì ti máa jókòó? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn àwọn ará àdúgbò balẹ̀, ọkàn tèmi náà kò sì balẹ̀ lórí rẹ̀.

Láti ìgbà òfin ètò ìkọ́lé 1947, ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀ kò lè kàn dá bíríkì sílẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Bó bá ti bèèrè, wọ́n á so ìwé kan mọ́ òpó iná ládùúgbò, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà pa á, wọ́n á sì fi okùn ike dè é pinpin. Ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ará àdúgbò láti kọ èrò ọkàn wọn ránṣẹ́. Nínú 100 irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bíi 96 ni òṣìṣẹ́ káńsù máa ń parí fúnra wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù, èyí tó tóbi tàbí tó ti dá awuyewuye sílẹ̀, ló ń dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. Aládùúgbò á dìde níbẹ̀, wọ́n á fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, aago á sì máa lọ. Bó bá sọ pé ilé tuntun yẹn yóò já owó ilé òun wálẹ̀, ó ti fàkókò ṣòfò, nítorí òfin kò ka ìyẹn sí. Ohun tí wọ́n lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ariwo, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí kò ní wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Ohun tó mọ̀ nípa ilẹ̀ náà ni gbogbo agbára tó ní, ó sì di dandan kí ẹni tó ń sọ ọ́ fún lè mọ ibi tó ń tọ́ka sí.

Ẹ wo West Surrey. Ní apá àríwá rẹ̀, odò Thames ń gba ẹ̀gbẹ́ Staines, Egham àti Chertsey kọjá. Ní oṣù kejì 2014, odò yẹn kún, ó yalé àwọn èèyàn, débi pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó àwọn mìíràn jáde. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà lè fọwọ́ kan ibi tí omi dé lára ògiri rẹ̀. Ó mọ òpópónà tí omi kọ́kọ́ gbà, ó mọ gọ́tà tó dí, ó mọ pápá tí omi dúró sí tí kò fi bọ́ sí ilé ìkẹyìn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé sórí pápá yẹn lónìí, ó mọ ilé tí omi yóò yà sí. Ìjọba ní àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí odò lè bò hàn, iṣẹ́ gidi sì ni, ṣùgbọ́n gọ́tà tó dí ní ìkángun òpópónà kì í hàn nínú rẹ̀.

Bí a bá kúrò létí odò lọ sí ìhà Woking àti Surrey Heath, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ yanrìn, pápá gbalasa tó kún fún igbó kúkúrú, tí àwọn ẹyẹ kan tó ṣọ̀wọ́n ń yé sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí àwọn ẹyẹ yìí, wọn kì í gbà kí wọ́n kọ́ ilé tuntun láàárín 400 mítà sí àwọn pápá náà, torí ológbò àti ajá onílé. Haslemere tún wà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù, níbi tí òkè àti igi ti yí ìlú ká, tí àwọn ọ̀nà tóóró kan sì rì sáàárín ilẹ̀ gíga tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ méjì kò fi lè pàdé láìjẹ́ pé ọ̀kan fi ẹ̀yìn rìn. Káńsẹ́lọ̀ tó dàgbà sí Staines lè ka ìwé nípa ọ̀nà yẹn títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí kò bá tíì wakọ̀ gba ibẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, yóò ṣòro fún un láti mọ ohun tí 50 ilé tuntun yóò dá sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé Haslemere náà kò sì mọ bí omi Thames ṣe ń wọlé ẹni lóru.

Àwọn tó fẹ́ ìdàpọ̀ ní àlàyé tiwọn, kì í sì í ṣe àlàyé òfìfo. Owó káńsù ò tó ná. Àwọn amòye ètò ìkọ́lé kò pọ̀, káńsù kéékèèké sì ń du wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ohun tí káńsù kan gbà ni èkejì, tí títì kan ṣoṣo là wọ́n láàárín, ń kọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣírò kan. Nínú àbá tí ìjọba gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ètò ìkọ́lé kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ ẹgbẹ́ 11 lọ. Àwọn tó ń gbé West Surrey ju 600,000 lọ. Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn, ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò máa ṣojú fún ohun tó ju 50,000 èèyàn, ìlú kan sì lè wà tí kò ní rí ẹyọ ọmọ rẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn tó ń bá ìdàpọ̀ jà kì í fẹ́ gbọ́. Pé èèyàn ń gbé nítòsí kò ní kó rí òótọ́. Káńsù Woking, tó wà láàárín ìlú Woking gan-an, ló yáwó kọ́ ilé gogoro àti hòtẹ́ẹ̀lì títí gbèsè fi ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ, tó sì kéde ní oṣù kẹfà 2023 pé apá òun kò ká a mọ́. Ojú tó wà nítòsí sì lè jẹ́ ojú tí kò fẹ́ni. Ní Southwark, ní London, ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka nǹkan bí 240 ìjọ aláwọ̀ dúdú. Àwa Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, bẹ́ẹ̀ a kò lè sọ ilé iṣẹ́ di ilé ìjọsìn níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá ti lọ bèèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà aládùúgbò nípa ìlù àti ọkọ̀ ọjọ́ Sunday lè gùn ju ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà ńkọ́, tí owó háyà ń jẹ owó oṣù wọn tán? Ìjọba ti ṣèlérí mílíọ̀nù kan àbọ̀ ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn síbì kan. Nínú òwe wa, ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ wà lára ilé tí a ń wò. Àwọn àgbà ilé kò lè torí pé ilé ti kún kí wọ́n kọ̀ láti sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí náà, ìdàpọ̀ káńsù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Kí wọ́n da ọ́fíìsì pọ̀, kí wọ́n da àpò owó pọ̀. Ibi tí mo dúró sí ni pé kí ìpinnu má kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé orí ilẹ̀ náà. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n da káńsù Cornwall pọ̀ ní 2009, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìlà-oòrùn, àárín àti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ ńláńlá. North Yorkshire, tí káńsù méje wọnú ti àgbà ní oṣù kẹrin 2023, tóbi láti Scarborough létí òkun títí dé Bentham ní ìwọ̀-oòrùn. Ìgbìmọ̀ àdúgbò mẹ́fà ni wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan fún àwọn iṣẹ́ tó kan gbogbo àgbègbè.

Pínpín ìgbìmọ̀ nìkan kò tó. Bí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá ń jókòó ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ní ìlú tó nílò bọ́ọ̀sì méjì, ta ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru tàbí bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì yóò rán lọ? Àbẹ̀wò sí orí ilẹ̀ náà wà nínú àṣà àwọn ìgbìmọ̀ yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ń jìn, òun ni wọ́n lè kọ́kọ́ gé kúrò; àwòrán lójú ẹ̀rọ ni wọ́n á ní ó tó. Kò tó. Àwòrán kì í sọ bí ilẹ̀ ṣe ń rọ̀ lábẹ́ bàtà lẹ́yìn òjò.

Kí West Surrey àti East Surrey tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2027, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé òfin tí wọn yóò máa fi ṣàkóso ara wọn. Iye ìgbìmọ̀, ibi ìjókòó, wákàtí ìpàdé, ìṣẹ́jú tí aládùúgbò ní àti ìgbà tí àbẹ̀wò pọn dandan, inú ìwé yẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Ọmọ Yorùbá tó ní ilé tàbí ìjọ ní Staines, Woking, Redhill tàbí Epsom lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.