Ẹ Má Kàn Fi Ajá Lé Wa Lọ́wọ́: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Gba Ajá Là ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Sí ẹ̀yin dókítà ẹranko, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ajá tà, àti ẹ̀yin aláàánú tí ẹ ń gbé ajá kiri láti ojúlé dé ojúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀,

N kò kọ lẹ́tà yìí láti tàbùkù ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo ní nìyí. Bí ajá bá ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, ẹ ó gbé e wá fún ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí olólùfẹ́ ajá, ẹ ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba eléyìí, kò níbi tí yóò lọ,” ẹ ó sì máa lọ. Ilé tí ẹ gbé e wá ti ní ajá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kò béèrè bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo. Ẹ kò sọ ibi tí ajá tuntun ti wá, ohun tó ń bà á lẹ́rù, tàbí bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ kankan. Ìgbà tí ẹ bá jáde ní géètì ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni ẹ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ibi tí àwọn ajá wọ̀nyí ti ń wá. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin gba Ọ̀wọ̀ kọjá, ó gba Ifọ́n, ọkọ̀ sì ń gbá ajá níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ra ọmọ ajá nígbà tó wọlé ẹ̀kọ́. Bó bá parí, yóò kó bẹ́ẹ̀dì àti fáànù rẹ̀, yóò fi ajá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìhà igbó Ifọ́n, ajá ọdẹ tó ti darúgbó kò wúlò fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Àwọn kan wà tí ẹ rà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa wọ́n jẹ. Ajá ni ẹran Ògún nílẹ̀ wa, àwọn kan sì ń jẹ ẹ́ lásán láìsí ọdún. N kò kọ̀wé láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn tirẹ̀, kì í sì í fi ìtàn yẹn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ajá ọdẹ tí ẹ mú wá sílé tí wọ́n ti ń sin adìyẹ yóò pa adìyẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Wọ́n ti po èbà mọ́ omi ẹja, wọ́n bù ú sínú abọ́ onírin, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bingo, àgbà ajá ilé, mọ abọ́ tirẹ̀, ó ń jẹ jẹ́jẹ́. Ajá tuntun, tó jẹ́ pé orí ààtàn ló ti ń jà fún egungun, ti gbé tirẹ̀ mì kí ènìyàn tó yíjú padà. Ó dúró. Kò gbó, kò kùn. Ara rẹ̀ kàn le gbagidi, ó pa ẹnu dé, funfun ojú rẹ̀ yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo abọ́ Bingo láìṣẹ́jú. Bingo náà dákẹ́ jíjẹ, ó fi orí bo abọ́. Ẹni tó mọ ajá ti mọ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní wọ́n ń ṣeré. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, eyín ti wọ etí, abọ́ ti dojú dé, àwọn ajá yòókù tí kò mọ ohun tó fa ìjà ti dá sí i. Ọmọ ilé sáré wá, ó na ọwọ́ láti fa ọ̀kan lọ́rùn, wọ́n gé e jẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní ajá tuntun ti ya wèrè, wọ́n á wá ẹni tí yóò mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ajá tí ẹ gbà là ṣe ń padà sí ibi tí ẹ ti mú un.

Ajá yẹn kò ya wèrè. Ó yẹ kí wọ́n ti máa fún un lóúnjẹ níbi tí kò ti ní rí abọ́ ẹlòmíràn. Ó yẹ kó kọ́kọ́ pàdé Bingo níta, ní ibi tí kò sí nínú ọgbà Bingo, kí ènìyàn méjì fi okùn mú wọn rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lónìí, lọ́la, lọ́túùnla, títí ara wọn yóò fi rọ̀. Bí ìjà bá sì bẹ́, omi garawa ni à ń dà lù wọ́n, tàbí kí á ti pákó bọ àárín wọn. Ọwọ́ kọ́ là ń tì bọ̀ ọ́, lílù sì máa ń mú ìjà le sí i ni. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo èyí. Ta ni nínú yín ló ń jókòó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gba ajá?

Ní 2011, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí ajá tó ń bá ara wọn jà nínú ilé kan náà. Wọ́n rí i pé akọ sí akọ tàbí abo sí abo ni ọ̀pọ̀ ìjà náà, pé abo wà nínú èyí tó pọ̀ jù, àti pé ajá tó dé kẹ́yìn ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Síbẹ̀, abo ni ẹ ń fi kún abo fún wa, láìṣe iṣẹ́ abẹ fún èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá ní kí ẹ tẹ akọ lọ́dàá, àwọn kan nínú yín, tí wọ́n kàwé lórí ẹranko, á ní kò ní lè ṣọ́ ilé mọ́. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ajá tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ń gbó, ó ń ṣọ́lé. Ohun tó dín kù ni kó máa fo ògiri lọ wá abo kiri.

Ilé tí abo méjì wà láìsí iṣẹ́ abẹ kì í sinmi. Bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá akọ, gbogbo akọ àdúgbò yóò sì wá sùn sí ẹnu géètì. Oṣù méjì péré ni oyún ajá, ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti dé. Àwọn akọ yẹn tún ń kó kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara ràn wọ́n, àrùn tí ajá ń kó lára ajá nípa gígùn. Ó gbóògùn bí wọ́n bá tètè fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ vincristine, àmọ́ ẹni tó ní ajá márùn-ún yóò fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọmọ ajá, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ ń já ọmọ ajá lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí owó lè tètè wọlé. Ó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ eyín: bó bá gé èkejì jẹ jù, ìyẹn á ké, á sì fi í sílẹ̀. Ajá tí kò kọ́ èyí ni ẹ ń tà, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi sílẹ̀, òun ló ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ọmọ ọdún méjì.

Kí n wá sọ̀rọ̀ àrùn, nítorí ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi jù. Láti nǹkan bí 1978 ni ayé ti mọ àrùn parvo, èyí tí ń mú kí ajá máa bì, kó máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ọgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tó ti kó o lè máa jẹun, kó máa ju ìrù fún ọjọ́ mélòó kan kí àìsàn tó hàn. Ìdí nìyẹn tí ajá tuntun fi gbọ́dọ̀ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fi Hypo fọ ilẹ̀, kó sì pààrọ̀ bàtà kó tó lọ bá àwọn yòókù. Ẹ mọ èyí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ gbé láti ẹ̀gbẹ́ ọjà ní àárọ̀ ti ń bá ọmọ ajá wa ṣeré ní ọ̀sán, bí ọmọ ajá bá sì kú tán, ẹ ó ní eégbọn ló pa á.

Káàdì àjẹsára tí ẹ ń fún wa ńkọ́? Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é títí dé ara ajá. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí firísà rẹ̀ kì í níná tó odidi ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń kọ “ó ti gbà” sínú káàdì. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ burú ju kí á má ní rárá, nítorí ó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ lórí irọ́.

Dìgbòlugi kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń pa lọ́dọọdún, pé eyín ajá ló fa nǹkan bí 99 nínú 100, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni nǹkan bí 40 nínú 100 tí ajá bẹ́ẹ̀ gé jẹ. Bí a bá fún 70 nínú 100 ajá ìlú kan ní àjẹsára, àrùn náà kò ní ríbi tàn mọ́. Àwọn àgbà ní bí ajá bá ń sínwín, ó yẹ kó mọ ojú iná. Ajá tí dìgbòlugi mú kò mọ ojú iná, kò mọ ojú ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Nínú ilé tí ajá márùn-ún ti ń jẹ, tí wọ́n ń sùn pọ̀, ẹyọ kan ló máa kó bá gbogbo wọn, àti àwọn ọmọ tó ń bá wọn ṣeré.

Nígbà tí 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, bá ń bọ̀ ni a ń gbọ́ ohùn yín jù, ní sẹkitéríàtì, pẹ̀lú bánà àti fọ́tò. Ṣé ẹni tó wà ní Arímọgíjà tàbí Ìdóàni ni yóò gbé ajá mẹ́rin sórí ọ̀kadà wá bá yín? Nígbà tí ajá bá sì gé ènìyàn jẹ, ẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń ní kí wọ́n pa ajá náà, kí ẹni náà jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ń dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni wọn yóò fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì so ajá náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láti ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò wà níbẹ̀. Yàrá àti yàrá ló kọjú síra nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Bí ajá kan bá gbó lóru, gbogbo wọn ni yóò gbè é. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé bí itọ́ ajá bá kàn wọ́n láṣọ, àwọn gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí àwọn tó kírun, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ kì í sọ èyí fún ayálégbé tí ẹ ń fún ní ajá kẹta, títí lánlọ́ọ̀dù yóò fi lé òun àti ajá jáde.

Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orílẹ̀-èdè yìí ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50. Aádọ́ta náírà kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà n kò retí pé kóòtù ni yóò tún èyí ṣe. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ẹ fi owó jọ, kí Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ibùdó kan ṣoṣo, kódà kó jẹ́ yàrá mẹ́rin onípákó, tí ajá tuntun lè gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó gba abẹ́rẹ́, kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí ẹ sì wo ìwà rẹ̀ kí ó tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan.

Bí ẹ bá sì ní ajá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi wá léèrè kí ẹ tó gbé e wá: ajá mélòó ló wà nílé, akọ mélòó, abo mélòó, ta ni yóò wà pẹ̀lú wọn ní ọ̀sán, níbo la ó ti máa fún eléyìí lóúnjẹ lọ́tọ̀. Bí ìdáhùn wa kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà, bó ti wù kí á bẹ̀ yín tó.