Kí Ẹ Tó Náwó Lórí Rọ́tà

Ní Alápòtí àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, àwọn ìdílé kan ti sọ igun kan nínú pálọ̀ di ọ́fíìsì. Bàbá ń ṣírò owó fún ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá láti ilé, ìyá ń gba iṣẹ́ aṣọ rírán lórí WhatsApp, ọmọ sì ń kàwé lórí kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ìbéèrè kan náà léraléra: rọ́tà wo ni kí a rà?

Ìdáhùn wa kì í tètè dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú. A máa ń ní kí wọ́n fi owó wọn sápò ná. Rọ́tà kì í ṣe kànga, ẹnu ẹ̀rọ omi lásán ni. Bí omi kò bá wọ inú páìpù, kò sí ohun tí ẹnu ẹ̀rọ fẹ́ pọn. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń pa rọ́tà tó tún ń tàn án kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni.

Nítorí náà, ẹ yá síìmù ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ará ilé àti aládùúgbò. Ẹ fi fóònù kan náà dán wọn wò nínú yàrá tí ẹ óò ti máa ṣiṣẹ́ gan-an, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti dé sílé. Aago mẹ́jọ alẹ́ yẹn ni kì í purọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń sáré ní Sàngó lè máa rákò ní Alápòtí, nítorí náà ẹ má ṣe gba ẹ̀rí ẹni tó ń gbé ibòmíràn.

Arákùnrin kan láàárín wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Ìkejà, ó ra rọ́tà tó rẹwà, eriali mẹ́rin ló dúró lórí rẹ̀ bí ìwo. Ìgbà tó délé ni ó tó rí i pé kò sí ibi tí a ń ki síìmù sí. Ihò wáyà nìkan ló ní, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ti fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì dé àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò gbà á padà. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú owó yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín tọkọtaya fún ọjọ́ púpọ̀.

Ibi tí kò bá sí wáyà, rọ́tà onísíìmù ni kí ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè bóyá síìmù gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń gbà, nítorí èyí tí ilé-iṣẹ́ fóònù tà lè jẹ́ èyí tí wọ́n tì mọ́ síìmù tiwọn nìkan. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bá sì fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wò ó dáadáa. Ìgbì tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kì í fi gbogbo ìgbà bá tiwa mu. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò nílò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ iná ju rọ́tà kékeré lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Ọ̀pọ̀ rọ́tà ilé ló ń lo iná fóòtì 12. Bí tiyín bá kọ fóòtì 12 àti ámípíà 1 sára ṣájà rẹ̀, kò lè ju wáàtì 12 lọ. Bátìrì kékeré tí a ṣe fún rọ́tà lè gbé e fún wákàtí mélòó kan láìtan jẹnẹrétọ̀. Fóòtì bátìrì náà gbọ́dọ̀ bá ti rọ́tà mu rẹ́gí, ámípíà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè má ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí kí ó bà jẹ́.

Ẹ ra èyí tó ní ìgbì méjèèjì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Àkọ́kọ́ ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dé yàrá ẹ̀yìn. Èkejì yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Ẹ gbé rọ́tà onísíìmù sí òkè lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe sẹ́yìn fíríìjì. Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá, ti Wi-Fi àti ti rọ́tà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yan WPA2 tàbí WPA3. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ki síìmù yín bọ̀ ọ́ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sára rẹ̀.