Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ìkínní

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Ṣùgbọ́n àrùn kan ń bẹ tí kì í jẹ́ kí ọmọ ké: mẹ́dọ̀wú oríṣi B. Ìyá tí ara rẹ̀ le koko lè ní in láìmọ̀, kí ó sì kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Nínú ìkókó 10 tí ó bá kó o bẹ́ẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́, nǹkan bí 9 ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dàgbà, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ ìdènà rẹ̀ ti wà nínú ètò àjẹsára orílẹ̀-èdè wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni àkọ́kọ́. Ìyókù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Nítorí náà, bí ẹ bá bímọ sílé ní abúlé Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ rán bàbá ọmọ tàbí ìyá ọkọ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú jókòó. Ẹ ṣì gbé e lọ.

Oríṣi A ńkọ́? Ìgbẹ́ tí ó bá dé inú omi tàbí oúnjẹ ni ó ń tàn án kálẹ̀. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò sí nínú ètò ọ̀fẹ́ náà. Ẹ máa se omi mímu hó, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n.