Ta Ni Yóò San Owó Awọ Tó Bàjẹ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo ọ̀gá ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n èkejì ni wọ́n fẹ́ràn jù: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹ yà sí Mazamaza ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tún ìjókòó ọkọ̀ rán. Ká ní ọmọṣẹ́ kan sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gé awọ yìí gba ìdábùú, á ṣẹ́ kù tó ti ìgbórílé." Èsì ọ̀gá ò ní pẹ́: "Ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́?" Ọmọ á panu mọ́. Ọjọ́ tó bá gbòmìnira, á gbé ọgbọ́n náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn oníbàárà á sì tẹ̀ lé e.

Toyota tó kún títì Festac ńkọ́? Láti 1951 nilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Jàpáánì ti ń gba àbá lẹ́nu òṣìṣẹ́. Okùn kan wà níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Ẹni tó bá rí àléébù á fà á, olórí ikọ̀ á sáré wá ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tètè lójú, iṣẹ́ á dúró.

Bí Jàpáánì bá jìnnà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ò jìnnà. Láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ síbẹ̀. Bándélé, ọmọ Àrẹògún, ni ọ̀gá. Làmídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn Bíbélì ni fadá gbé fún wọn, kò fi dandan lé àwòrán Òyìnbó: àwọn tó wá kí Jésù jòjòló jáde bí ọba ilẹ̀ wa. Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Mo gbà pé awọ wọ́n. Bó bá bàjẹ́, oníbàárà ò ní gbọ́ pé ẹ ń dán an wò ni. Ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà, torí pé ká máa yin ọmọ pé ó ní àtinúdá ò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ fún un ní àjákù awọ kó fi dánra wò. Bó bá bà á jẹ́, ọrùn ọ̀gá ni kówó rẹ̀ wà. Àkísà àgbà wúlò níbẹ̀: òun ló mọ ibi tí awọ ti máa ń ya. Bíṣẹ́ bá dára, ẹ fún ọmọ nínú èrè, kẹ́ ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún oníbàárà.

Wọ́n á ní ọmọ á gbéra ga. Ó ṣeé ṣe. Nínú agbéraga tó ń bá yín ronú àti onírẹ̀lẹ̀ tó ń ka ọjọ́ tí yóò lọ, èwo ló ń mówó wọlé?