Ta Ló Parí Contra?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹni tí yóò bínú lè tètè bínú: ìyà tí géèmù àtijọ́ fi jẹ wá kò kọ́ wa ní nǹkan kan. Kò kọ́ wa ní sùúrù, kò kọ́ wa ní ìforítì. Owó ni àwọn tó ṣe é ń fi ìyà náà wá. Àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Àwa tí a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, tí à ń fi géèmù tó le koko yangàn fún àwọn àbúrò wa, àkísà gan-an là ń fi yangàn.

Ẹ dé Gariki ní Awkunanaw, ní ìlú Ẹnúgu, kí ẹ ya ilé géèmù kan nírọ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì onípákó ni ẹ ó bá níbẹ̀, àti tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan, PlayStation tí eruku ọjà ti bò, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour", tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Kò ní ṣaláìsí àgbàlagbà kan tó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ, tí kò san kọ́bọ̀, tó kàn ń ṣàríwísí. Ọmọ kan ń bá kọ̀ǹpútà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójú mi, ó dín agbára kọ̀ǹpútà kù kí òun náà lè rí góòlù jẹ. Àgbàlagbà náà pòṣé. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀lẹ ni yín. Nígbà tiwa, ẹ̀mí mẹ́ta péré ni Contra ń fún èèyàn." Ọmọ náà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ṣé ẹ parí ẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn. Bó bá tiẹ̀ parí Contra, géèmù ìbọn ilé iṣẹ́ Konami yẹn, kóòdù ló fi parí ẹ̀. Òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A: ẹ̀mí mẹ́ta á di ọgbọ̀n. Kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ tó kún ilé wa nígbà náà, irú èyí tí wọ́n kó géèmù rẹpẹtẹ sí nínú, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ béèrè kóòdù. Contra lè jáde lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìtò orúkọ ibẹ̀: ọ̀kan lẹ́mìí ọgbọ̀n, òmíràn á gbé ọ dé ìpele tó bá wù ọ́. Àwọn tó ń ṣàdàkọ mọ ọjà wọn. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ohun tí yóò máa pa á lẹ́nu ọ̀nà.

Ta ló sì kọ́kọ́ dá kóòdù yẹn sílẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Kazuhisa Hashimoto ni, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Konami, tó kú ní 2020. Ní 1986, ó ń gbé Gradius, géèmù Konami mìíràn, wá sórí ẹ̀rọ Nintendo, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbá géèmù náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò lè parí ẹ̀. Ó le ju òun tó ń ṣe é lọ! Ló bá fi kóòdù kan pamọ́ sínú ẹ̀ tí yóò fún un ní gbogbo ohun ìjà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù bá wá ìrọ̀rùn, kí ni èmi àti ẹ̀yin wá ń fi ìnira ẹ̀ ṣakọ sí?

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìnira náà ti wá. Nínú ilé eré ni ọ̀pọ̀ géèmù wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ owó ẹyọ. Bí o bá tètè kú, o ó tètè fi owó mìíràn sí i. Ikú rẹ ni èrè wọn. Nígbà tí géèmù wọlé wá sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó àṣà náà wọlé, nítorí pé géèmù ìgbà náà kúrú. Gbogbo Super Mario Bros. ti 1985, àwòrán ẹ̀, orin ẹ̀, ìpele 32 tó ní, kílóbáìtì 40 péré ni. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà lánàá tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn tó ń díje ta ni yóò yára parí ẹ̀ jù máa ń ṣe é tán kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Báwo ni èèyàn ṣe ń ta ohun tó kúrú bẹ́ẹ̀ lówó gọbọi? Á máa pa oníbàárà, kó lè máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ghosts 'n Goblins ti Capcom tilẹ̀ ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí o bá jà títí tí o ṣẹ́gun, ó sọ fún ọ pé ẹ̀tàn ni, kí o lọ tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Nígbà tó di 1994, géèmù The Lion King jáde. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, àgbà ló sì ń pa lẹ́kún. Louis Castle, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Westwood tó ṣe é sílẹ̀, ti ṣàlàyé ìdí: Disney kò fẹ́ kí ẹni tó yá géèmù náà fún ọjọ́ díẹ̀ lè parí ẹ̀, kó lè lọ rà á. Lọ́dún yẹn kan náà ni Contra: Hard Corps jáde. Ní Japan, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọta tó pa ọ́. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ọta kan péré ni. Géèmù kan náà, ìyà méjì, ọjà méjì. Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ní tiwa nílẹ̀ yìí, ìyà náà tún ní ọmọ ìyá. Kásẹ́ẹ̀tì wa kò ní ìwé ìlànà. Ti òmíràn, èdè Japan ló ń sọ látòkè délẹ̀. The Legend of Zelda gbé bátìrì sínú kásẹ́ẹ̀tì ní 1987 kí èèyàn lè rí ibi tó dé tọ́jú, ṣùgbọ́n àdàkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa kò sábà ní bátìrì kankan. O ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìkẹyìn, gbàù, iná lọ. Ẹnúgu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní 1915 pàápàá kò bọ́ nínú ẹ̀. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìdánwò akin. Àìsí iná ni, ẹ yéé fún un lóyè.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn á ní Dark Souls ti 2011 le, Elden Ring ti 2022 le, ayé sì ń rà wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Hidetaka Miyazaki ṣe ṣe wọ́n: bí o bá kú, o kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ibi ìsinmi tí o ti dé ni o ó ti dìde, o sì lè lọ kó ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Iṣẹ́ tó le nìyẹn. Èyí tó ń gba gbogbo ohun tí o ti ṣe lọ́wọ́ rẹ torí pé o ṣe àṣìṣe kan, ìfiyàjẹni ni. Ní 2018, Celeste, tó le bí ojú ẹja, fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó rọrùn, kò sì dí ẹni tó fẹ́ ìnira lọ́wọ́. Ẹ̀dínkù wo ló bá akin níbẹ̀?

Bí ohun kan bá kọ́ wa lọ́gbọ́n nígbà náà, ẹgbẹ́ wa ni. Páàdì méjì, ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tó jìn sí kòtò Mario ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ aládùúgbò ló sọ ibi tí ẹ̀mí kan fara pamọ́ sí. Ìyẹn ṣì wà ní Gariki lónìí, lórí bẹ́ǹṣì yẹn, yálà ọmọ náà yan èyí tó rọrùn tàbí èyí tó le.

Owó ara rẹ̀ ló sì fi jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, epo jẹnẹrétọ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó, ẹni tó bá gbá géèmù ló sì ń san án. Àkókò tó ń fi kú lákùú-tún-kú, owó oúnjẹ ẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó máa ń dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ọ̀kan nínú méjì. Ẹ san owó, kí ẹ gba páàdì, kí ẹ fi ẹ̀mí mẹ́ta parí Contra lójú wa láìtẹ kóòdù kankan. Tàbí kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbádùn owó rẹ̀.