Ta Ló Bá Ẹ Jó Léèdì Project Rẹ?

Lọ́jọ́ tí a gbé project wa síwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí resistor kan, ó bi ọ̀rẹ́ wa pé, "Kí ni èyí ń ṣe níbí?" Ọ̀rẹ́ wa tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. Òótọ́ sì ni. Ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Benson ló bá a jó léèdì gbogbo rẹ̀.

Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwíjàre wa ni pé kò síná, kò sí oscilloscope. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì 9V wà, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Èmi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ 555, èyí tí Hans Camenzind, ọmọ Switzerland, ṣe fún Signetics ní 1971. Bíi transistor 25 péré ló wà nínú rẹ̀. Mo lo resistor 1k àti 6.8k, pẹ̀lú capacitor 0.1µF tí mo yọ lára rédíò àlòkù. Ìṣirò ní kó dún ní 986 Hz. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà, ó kà á sí nǹkan bíi 840. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi pé capacitor ni. Irú capacitor yẹn lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó ra project kò ní mọ̀ ọ́n láé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ìkòròdú wa yìí. Láti ìlú yìí ni Voice of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ti ń fi shortwave ránṣẹ́ sókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó kọ́ ibùdó tuntun sí Lugbe, l'Ábújá. 15120 kHz wà lára ibi tí ayé ti ń gbọ́ wọn. Bí ti wọn bá yẹ̀ bí tèmi ṣe yẹ̀, a ó máa wá wọn kiri níbi 12,900. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ rédíò kì í gbé ọkàn lé capacitor. Òkúta quartz tín-ín-tín ni wọ́n ń lò, iná ń mú un gbọ̀n, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀rọ ràgàjì tó kù, ohun tí quartz yẹn bá sọ ló ń sọ di ńlá.

Lójú tèmi, ọ̀nà tí ẹ̀ka wa ń gbà fúnni ní máàkì ló ń bà wá jẹ́. Páálí tó ń dán ló ń gba máàkì. Kí olùkọ́ yọ capacitor kan lójú akẹ́kọ̀ọ́, kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kó ní, "Ó dáa, báwo ni yóò ṣe dún báyìí?" Ìbéèrè kan péré. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é yóò dáhùn, kódà bí project rẹ̀ bá rí wúruwùru.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, owó páátì kọ́ la ń bẹ̀ yín fún lọ́dún yìí. Ẹ bá wa wo ẹ̀yìn sítóò ibi iṣẹ́ yín. Oscilloscope tí ẹ ti pa tì, rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kó wọn wá. Èyí tó bàjẹ́ gan-an la fẹ́ràn jù.