Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ará Ukarumpa!

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ayọ̀! Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ní Papua New Guinea, a bá yín dúpẹ́, a sì bá yín yọ̀. Ọdún 1956 ni àwọn òṣìṣẹ́ SIL, ẹgbẹ́ tó ń bá àjọ ìtumọ̀ Bíbélì Wycliffe ṣiṣẹ́ pọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2026 yìí ló pé 70 ọdún gééré. Àádọ́rin ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo! Ó tó ohun tí à ń lu ìlù sí.

Iṣẹ́ tí ẹ dáwọ́ lé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ kan, èdè tó ju 800 lọ: kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó ní tó bẹ́ẹ̀. Òkè ńláńlá ló dínà láàrin ìlú kan àti èkejì, igbó dí, irà pọ̀, ibà sì ń jà ní etíkun. Láti Port Moresby tí í ṣe olú-ìlú, mọ́tò kò lè gbé ènìyàn dé àwọn ìlú orí òkè, nítorí kò sí títì tó so wọ́n pọ̀.

Nínú àfonífojì Aiyura, nítòsí ìlú Kainantu, ni ẹ tẹ ibùdó yín dó sí, tí ẹ pè ní Ukarumpa. Ẹni tó bá rò pé àwọn atúmọ̀-èdè nìkan ló wà níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì, káfíńtà, akọ̀wé owó, atẹ̀wé àti ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò túmọ̀ ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo rí. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí jù lónìí.

Ẹ̀yin awakọ̀ bàálù, ẹ kú ewu ọ̀nà! Ẹ̀yin lẹ ń balẹ̀ sórí pápá kóríko kékeré tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí kùrukùru lè bò mọ́lẹ̀ nígbàkígbà. Ẹ̀yin lẹ ń gbé ìrẹsì, oògùn àti bátìrì lọ sí abúlé, tí ẹ sì ń gbé aláìsàn àti aboyún bọ̀. Ọjọ́ tí bàálù kò bá fò, iṣẹ́ atúmọ̀-èdè a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ! Ká ní kò sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ukarumpa ni, bí ọmọ àwọn atúmọ̀-èdè bá ti tó ilé ìwé lọ, òbí wọn ì bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n padà sílé, kí iṣẹ́ dúró ní agbede méjì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe bàbá àti ìyá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ilé gbígbé nígbà tí òbí wọn wà ní abúlé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti rédíò, tí ẹ ń pe abúlé kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà, ẹ kú àìsùn! Ẹ̀yin tí ẹ fi ìka tẹ ìwé lórí taipuráítà kí kọ̀ǹpútà tó dé, tí àtúnṣe kan ṣoṣo lè mú kí ẹ tún odindi ojú ìwé tẹ̀, ẹ kú sùúrù!

Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ni èdè, kíkí yín kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ fi oko sílẹ̀ láti jókòó ti àlejò, tí ẹ ń ka iṣẹ́ náà sí etí ará ìlú, tí ẹ ń tún un ṣe lemọ́lemọ́, ó lè lé ní ọdún mẹ́wàá kí Májẹ̀mú Tuntun kan tó parí. Láàrin ẹ̀yà Binumarien, ìlà ìdílé Jésù tó bẹ̀rẹ̀ ìwé Mátíù ló mú kí wọ́n gbà pé òótọ́ ni ìwé náà: ẹni tó gbé ayé rí ló ń ní baba ńlá. Àwa tí à ń ki oríkì kò ní béèrè ìdí.

Àwa Yorùbá náà jẹ nínú irú oore yìí. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì wa jáde. A mọ Àjàyí Crowther, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló rántí Thomas King tó bá a ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, lágbára Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ka èyí, èdè tí kò tíì ní Bíbélì ṣì pọ̀ ní Nàìjíríà níbí, Nigeria Bible Translation Trust sì wà ní Jos. Bí o bá mọ ìṣirò owó, tàbí o mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe, tàbí o lè kọ́ ọmọdé, ààyè wà fún ọ. Má ṣe dúró di ìgbà tí o bá mọ èdè Gíríìkì.